Fìlà Bàbá Ìṣẹ́yìn ní Òtẹ́ẹ̀lì Ìgbàlódé

Ẹ bá mi pa tẹlifíṣọ̀n yẹn, kí a lè gbọ́ ara wa. Ẹ jókòó. Èyí tó bá fẹ́ nà gbalaja sórí ẹní kó nà, ṣùgbọ́n kó má sùn mọ́ mi lójú. Lánàá tí ẹ gbé mi lọ jẹun ní òtẹ́ẹ̀lì tuntun yẹn, ẹ rò pé inú ń bí mi nítorí pé mo dákẹ́. Inú ò bí mi. Ọmọbìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà ni kò kí wa. Ó na káàdì pẹlẹbẹ kan sí ẹ̀gbọ́n yín tó gba yàrá níbẹ̀ pé kọ́kọ́rọ́ nìyẹn, ó sì padà sídìí fóònù rẹ̀. A jẹun, a dìde, kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí a ti wá, kò sẹ́ni tó béèrè bóyá oúnjẹ yó wa. Mo kàn jókòó síbẹ̀ ni, mò ń rántí ìgbà tí èmi náà wà lọ́mọge, tí mò ń dúró lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì.

Ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ẹ mọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí wọ́n ń kó sìmẹ́ǹtì sí lọ́nà Ìfọ́n ní Ọ̀wọ̀ níbí, èyí tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà? Òtẹ́ẹ̀lì Ìgbàlódé nìyẹn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ni wọ́n ṣí i, kò sì sí ohun tó ga jù ú lọ ládùúgbò náà àfi ilé ìjọsìn. Ẹni tó bá ti Ìbàdàn ń lọ sí Bìní, ẹni tó bá ti Bìní ń bọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti na ẹsẹ̀. Àwọn tí èèyàn wọn wà ní ọsibítù ìlú wa náà ń sùn níbẹ̀. Àwọn awakọ̀ kì í tiẹ̀ pe orúkọ tó wà lára pátákó. Wọ́n á ní, "A ó yà ní Ulé Màmá." Ulé ni àwa ń pe ilé, ẹ̀yin ará Èkó.

Màmá ló ni ín. Opó ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ó ga, ó dúdú, ohùn rẹ̀ kì í sì í ròkè. Ó ti ṣe alásè rí ní ilé ìsinmi ìjọba, níbi tí àwọn òyìnbó àti ọ̀gá iṣẹ́ ìjọba máa ń sùn. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí mo bá tẹ́ ṣíìtì tán, yóò fi ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀ gbá a láti orí dé ẹsẹ̀, bí ó bá kan ibi tó ká jọ, yóò fa gbogbo rẹ̀ yọ, á ní, "Ọmọ mi, ẹni tó rìn jìnnà ló fẹ́ sùn síbí." Èmi yóò tún bẹ̀rẹ̀. Eléèédú ni áyọ́ọ̀nù wa. Bí ẹyín iná bá ta sára ṣíìtì funfun, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ohùn ilé náà ṣì wà létí mi. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́, ẹ ó gbọ́ ìgbálẹ̀ lórí sìmẹ́ǹtì, ẹ ó gbọ́ omi tó ń ṣubú sínú àgbá, lẹ́yìn náà àwọn tírélà tó ń kérora gun òkè. Tó bá di ọ̀sán, odó yóò bẹ̀rẹ̀. Iṣu Ìfọ́n àti ti Àfọ̀ la fi ń gún iyán, epo wa ń ti Èmùré-Ilé wá. Àwọn obìnrin Àfọ̀ á gbé ẹran ìgbẹ́ yíyan wá nínú agbọ̀n, òórùn rẹ̀ á sì gun àtẹ̀gùn lọ bá àwọn àlejò nínú yàrá. Kò sẹ́ni tí à ń lọ pè pé oúnjẹ ti délẹ̀. Wọ́n á máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn ni, wọ́n á máa ṣe bí ẹni tó kàn fẹ́ gba atẹ́gùn.

Kọ́kọ́rọ́ wa kì í ṣe káàdì. Egungun itan ẹran ìgbẹ́ la so ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mọ́, kí àlejò má baà fi sápò gbé e lọ. Dókítà kan gbé tirẹ̀ lọ pẹ̀lú gbogbo bó ṣe tóbi tó. Ajá kan ládùúgbò tẹ̀ lé e láti ẹnu ọ̀nà wa dé ọsibítù, ó rò pé ajá náà fẹ́ràn òun ni, ó ń fọwọ́ pa á lórí. Ìgbà tí ajá náà fà á lápò ya ló tó mọ ohun tó gbé dání.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ nípa Ulé Màmá nìyí: a kì í béèrè orúkọ àlejò kí a tó fún un lómi. Bí ó bá ti wọlé, èmi á kúnlẹ̀, màá gbé omi fún un, màá sì béèrè pé, "Kí lẹ jẹ gbẹ̀yìn?" Ìbéèrè Màmá ni. Ó ní ẹni tó bá dáhùn pé òun jẹ iyán, o ti mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ dára. Ẹni tó bá ní òun ò rántí, kó o yára dáná. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni mo ti gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn látinú ìbéèrè yẹn, kí n tó mọ orúkọ wọn.

Ìgbà tí Poli, ilé ẹ̀kọ́ gíga ìlú wa, bẹ̀rẹ̀ ni bàbá yín àgbà wọ ìlú. Ilé kò tíì tó fún àwọn tíṣà, wọ́n fi àwọn kan wọ̀ sí òtẹ́ẹ̀lì wa. Mo gbé omi fún un, mo béèrè ìbéèrè wa, ó ní, "Búrẹ́dì àti eruku." Mo rẹ́rìn-ín, bẹ́ẹ̀ Màmá ti kìlọ̀ pé a kì í rẹ́rìn-ín lójú àlejò. Nígbà tí wọ́n fún un nílé tirẹ̀, ó kó lọ, ṣùgbọ́n kò yéé wá jẹ iyán. Màmá wò ó títí, ó ní, "Tíṣà, ṣé iyán nìkan ni?" Bí ọ̀rọ̀ ṣe di ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ó wí fún mi, mo gbà, mo sọ fún bàbá mi. Bàbá mi ní òun ò kọ ọmọ Ìṣẹ́yìn, àmọ́ kí ẹbí rẹ̀ wá tọrọ mi. Òun kì í fọmọ fún ọkùnrin tí kò lẹ́bí lẹ́yìn. A wá fi wíwá wọn sí ẹ̀yìn ọdún Igogo.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ̀ ń wá lọ́dún Kérésì nìkan, ẹ lè má mọ Igogo. Olorì kan wà láyé àtijọ́, Ọrọnsẹn, tí àwọn orogún rẹ̀ ṣẹ̀ nínú ilé ọkọ. Ó bínú, ó bá tirẹ̀ lọ, kò sì padà mọ́. Òun là ń ṣọdún fún. Títí ọdún náà yóò fi parí, wọn kì í lùlù ní Ọ̀wọ̀. Agogo ni wọ́n ń lù, gbogbo ìgboro á máa ró gbinrin-gbinrin. Ọkùnrin kì í dé fìlà, obìnrin kì í wé gèlè. Ọba fúnra rẹ̀ á di irun bí obìnrin, á jó kárí ìlú. Àwa tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì náà kì í wé gèlè lọ́jọ́ wọ̀nyẹn, àlùfáà ò sì jẹ́ bá wa wí. Ní òtẹ́ẹ̀lì, a ó pa giramafóònù, a ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà, a ó máa bẹ àwọn àlejò pé kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n fi fìlà wọn sínú àpò.

Màmá nìkan ni kì í jáde. Kò sí obìnrin tó ń wé gèlè bíi tirẹ̀. Yálà ó wà nídìí ààrò tàbí lábẹ́ òòrùn, kódà bó bá ń ṣàìsàn, gèlè wà lórí. Bí Igogo bá ti wọlé, yóò gun òkè lọ sí yàrá rẹ̀, á tì í. Ẹnu ọ̀nà ni mo ń gbé oúnjẹ rẹ̀ sí, láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló ti ń pàṣẹ. Àwọn ará ìjọ ń yìn ín pé ààwẹ̀ ló ń gbà. Àwọn ará àdúgbò ń kùn pé ó ń fojú di àṣà ìlú rẹ̀. Kò dá ìkankan lóhùn nínú wọn.

Ọdún tí mo ń wí yìí, Igogo ti wọlé, agogo ń ró, nígbà tí bàbá ọkọ mi wọ mọ́tò láti Ìṣẹ́yìn láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí ìlú tí ọmọ òun ti fẹ́ mú aya, kí ó tó kó ẹbí wá. Ahunṣọ ni, àgbà ahunṣọ. Fìlà abetí ajá tó dé wá, òun ló hun aṣọ rẹ̀.

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ó sọ ọ́ fún wa lẹ́yìn náà pé nígbà tí òun sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tí òun ò rí fìlà lórí ọkùnrin kan, òun rò pé òṣì ló ń ta àwọn ará Ọ̀wọ̀ ni. Àánú wa tiẹ̀ ń ṣe é. Ó ń bọ̀ lójú títì pẹ̀lú àpò rẹ̀, ọ̀wọ́ àwọn alágogo sì ń bọ̀ níwájú. Àwọn ọ̀dọ́ kan sún mọ́ ọn, wọ́n ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa ṣí fìlà. Igogo ni." Ó ní ta ni wọ́n ń bá wí. Wọ́n tún bẹ̀ ẹ́, ó mi orí. Àwọn alágogo ti súnmọ́ tòsí. Ni ọ̀kan nínú wọn bá na ọwọ́, ó ṣí fìlà náà, ó ká a dáadáa, ó fi í sí i lọ́wọ́, ó sì dọ̀bálẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ka ìdọ̀bálẹ̀ ẹni tó ti ṣí fìlà lórí ẹni?

Nígbà tó fi máa wọlé wa, ó ti dé e padà. N kò mọ ẹni tó jẹ́. Mo rí àgbàlagbà tí inú ń bí, mo sáré gbé omi, mo kúnlẹ̀.

"Ẹ kú ìrìn, sà. Kí lẹ jẹ gbẹ̀yìn?"

"Ìtìjú," ó ní. "Ìtìjú ni mo jẹ gbẹ̀yìn. Ẹ bá mi pe Àkànní, tíṣà Poli. Ẹ ní bàbá rẹ̀ ló dé."

Mo tún na omi náà sí i. Kò gbà á. Mo mú un lọ sí yàrá ìsàlẹ̀, mo ránṣẹ́ sí Poli, bàbá yín àgbà sì sáré dé. Ó fẹ́ kí bàbá rẹ̀ rí mi, ó pè mí pé kí n gbé omi mìíràn wá. Kí n tó dé ẹnu ilẹ̀kùn mo ti ń gbọ́ wọn.

"Bàbá, àṣà ìlú ni. Wọn ò fi yín ṣe yẹ̀yẹ́."

"Àkànní, láti ọjọ́ tí o ti dáyé, ǹjẹ́ o rí mi lóde láìdé fìlà rí?"

"Rárá, Bàbá."

"Níwájú òkú baba mi ni mo ti ṣí fìlà gbẹ̀yìn. Ọmọ tí n ò mọ baba rẹ̀ wá ṣí i fún mi lójú títì, lójú àwọn oníṣu. Bí ilẹ̀ ọ̀la bá mọ́, mò ń lọ. Bó o bá fẹ́ mú ìyàwó nílùú yìí, mú un. Kò sẹ́ni tí yóò bá ọ tọrọ rẹ̀ nínú ẹbí wa."

Ẹ gbọ́ mi. Mo ti sọ ohun tí bàbá mi wí fún yín. Bí bàbá Ìṣẹ́yìn bá lọ bẹ́ẹ̀, ó parí nìyẹn. Mo dúró pẹ̀lú omi lọ́wọ́, omijé ń dà lójú mi, n kò lè wọlé, n kò lè padà. Ọkùnrin yẹn ni mo fẹ́. N kò fẹ́ ẹlòmíràn, n kò sì tijú láti sọ ọ́ fún yín bí mo ṣe dàgbà tó yìí.

Màmá ni mo sáré lọ bá. Mo kúnlẹ̀ sẹ́nu ilẹ̀kùn rẹ̀ lókè, mo rò ó láti orí dé ìdí. Ó béèrè láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Ṣé ó ti jẹun?"

"Rárá, mà."

"Omi ńkọ́?"

"Ó kọ omi náà."

Ó ní, "Lọ gún iyán. Iṣu Àfọ̀ ni kó o lò. Má fi ọbẹ̀ àná fún un."

Mo gún un pẹ̀lú ẹkún. Mò ń bù ú sínú àwo lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ ẹsẹ̀ lẹ́yìn mi, mo sì yíjú. Màmá ló sọ̀ kalẹ̀ wá, kò wé gèlè. Láti iwájú orí dé àtàrí, kò sí irun níbẹ̀. Àpá iná ni, awọ rẹ̀ ń dán, ó sì ká jọ. Irun díẹ̀ tó kù nípàkọ́, ó ti yà á, ó dì í dáadáa bí àwọn obìnrin yòókù. Mo yára wolẹ̀.

"Wò mí dáadáa," ó ní. "Wò mí yó, kí ọwọ́ rẹ má baà gbọ̀n bí a bá dé ọ̀hún."

Òun ló gbé àwo. Èmi gbé omi tẹ̀ lé e. Ó wọlé, ó kúnlẹ̀ fún bàbá náà lórí eékún rẹ̀ méjèèjì, bẹ́ẹ̀ kò lè kéré sí i lọ́jọ́ orí.

"Ẹ kú ìrìn, Bàbá. Èmi ni mo nilé yìí. Ọmọ tó ṣí fìlà yín kò ṣe dáadáa. Ṣe ló yẹ kó mú yín gba ẹ̀yìnkùlé títí àwọn alágogo á fi kọjá. Mo bá a tọrọ àforíjì."

Bàbá náà wo orí rẹ̀. Ó rọra ní, "Kí ló ṣe yín, ìyá?"

"Sítóòfù ló bú gbàmù mọ́ mi, níbi tí mo ti ń se oúnjẹ fún àwọn ọ̀gá. Ọdọọdún tí wọ́n bá ti ń ṣe Igogo, mo máa ń ti ilẹ̀kùn mọ́rí ni, kí n má baà wé gèlè jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì rí orí yìí. Ọkọ mi rí i kó tó kú, dókítà rí i. Ẹ̀yin ni mo wá fi hàn lónìí."

"Nítorí kí ni?"

"Nítorí ọmọ tó gbé omi dúró sẹ́yìn mi yìí. Bàbá, ẹ̀ ń rò pé àwọn ọ̀dọ́ ìta lẹ ṣí fìlà fún. Kì í ṣe àwọn. Ìyàwó ilé kan ni wọ́n ṣẹ̀ láyé àtijọ́, tó bá tirẹ̀ lọ. Láti ìgbà náà ni gbogbo ìlú ti ń ṣí orí bẹ̀ ẹ́. Ọba náà ń di irun bẹ̀ ẹ́. Kò tíì rẹ̀ wọ́n. Ẹ wò ó, ìlú tó ń bẹ ìyàwó báyìí, ṣé ẹ rò pé ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ ò ní mọ iyì ilé ọkọ?"

 Agogo ń ró lọ lókèèrè. Bàbá náà na ọwọ́ sí omi tí mo gbé dání, ó fọ ọwọ́, ó fa àwo súnmọ́ra.

Bó ṣe ń jẹun yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé. Láti ọdún náà, Màmá ò ti ilẹ̀kùn mọ́rí mọ́. Bí Igogo bá dé, á jókòó síwájú òtẹ́ẹ̀lì pẹ̀lú orí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, á máa kí àwọn èèyàn. Àwọn ọmọdé wò ó fún ìgbà díẹ̀, ojú wọn sì mọ́ ọn. Bí ọdún bá tán, á tún wé gèlè rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn òtẹ́ẹ̀lì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù dé, àwọn àlejò wa ń dín kù, iná ìjọba ń ṣe ségesège, Màmá náà ń dàgbà. Nígbà tó fi ayé sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà lókèèrè ta ilé náà. Mo lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, eruku sìmẹ́ǹtì ti bo àtẹ̀gùn tí mo ń nù lójoojúmọ́, n kò sì lọ mọ́. Ó dùn mí. Ó ṣì ń dùn mí.

Ó dáa. Bàbá náà jẹ iyán yẹn tán. Kò yin ọbẹ̀, kò bú u. Ó tún fọ ọwọ́, ó nù ún, ó wo ọmọ rẹ̀, ó wo Màmá tó ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ní, "Ìyá, ẹ dìde, ẹ jọ̀ọ́." Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ṣí fìlà náà lórí ara rẹ̀. Orí rẹ̀ funfun báláú. Ó wá wò mí, ìgbà àkọ́kọ́ tó wò mí lójú nìyẹn.

"Ìyàwó wa," ó ní, "bá mi mú u dání."

Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Ó dìde, ó ní kí Àkànní mú òun jáde kí òun lọ wo ìlú tó ń bẹ ìyàwó. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń lọ síbi tí agogo ti ń ró, bàbá àti ọmọ, kò sí fìlà lórí ìkankan nínú wọn.

Iṣẹ́ ṣì wà nílẹ̀. Mo fi ọwọ́ kan kó àwo, mo fi ọwọ́ kan gbálẹ̀, mo fi ọwọ́ kan pọnmi. Màmá ń wò mí láti orí àga rẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú u.

"Ọmọ mi, gbé fìlà yẹn sórí tábìlì, kó o fi ọwọ́ méjèèjì ṣiṣẹ́."

Mo ní, "Màmá, wọ́n ní kí n bá àwọn mú u dání ni."